Yekini, ọmọ Ìrá tí wọ́n bí sí Kaduna

Ẹ kú ìkàwé o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Abuja àti gbogbo Òkè Ọya. Lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lórí àwọn tó ń gbá iwájú fún Super Eagles báyìí, mo kàn dárúkọ Rashidi Yekini, tó gbá iwájú fún wọn nígbà kan, ni, ìlà kan péré, mo sì kọjá. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti Kubwa, láti Minna, láti Kaduna gan-an, ti Yekini nìkan pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun la máa fi gbogbo ojú ewé yìí sọ lónìí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Sátidé tó kọjá lórí Yekini. Bọ̀dá kan ní Hausa ni, ṣebí Kaduna ni wọ́n bí i sí. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, ọmọ Ìbàdàn ni, ṣebí Shooting Stars ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Èmi tí mo jókòó sáàárín wọn ò mọ èyí tí mo máa sọ. Ọmọ ibo ni gan-an?*
Òǹkàwé kan, Kubwa

Àbúrò mi, kò yẹ kó dìjà rárá. Wọ́n bí Yekini ní Kaduna ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 1963, àmọ́ Ìrá nílé wọn, Ìrá tó wà lápá Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìrá yìí náà làwọn àgbà ń sọ tí wọ́n bá ní Ọya wọlẹ̀ nílé Ìrá. Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe rí ná, torí odò Ọya la ṣe ń pe ibí yìí ní Òkè Ọya, ọmọ ìlú Ọya ni wọ́n wá lọ bí sí Òkè Ọya. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ẹ̀.

Yorùbá Kaduna ni, bíi tèmi, ẹni tí kò bá sì dàgbà níbẹ̀ lè má tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Hausa lo máa sọ níta, tó o bá ti wọlé Yorùbá ni, tó o bá relé lásìkò Iléyá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ á máa pè ẹ́ ní gàm̀bàrí, tó o bá padà sí Kaduna wọ́n á tún máa pè ẹ́ ní Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá lédè Hausa. Iṣẹ́ ló gbé àwọn òbí wa lọ. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló kún Kakuri nígbà yẹn, Kaduna Textiles, Arewa Textiles, Nortex, UNTL. UNTL ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn, ibẹ̀ ni Yekini ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn. Tí fèrè bá ti dún ní aago méjì ọ̀sán, wàá rí wọn tí wọ́n ń tú jáde bí èèrà, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, òwú funfun lórí irun àti lára irùngbọ̀n bíi pé wọ́n wọlé láàárọ̀ ní ọ̀dọ́, wọ́n jáde lọ́sàn-án ní arúgbó. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ pariwo orúkọ Yekini, kí Ìbàdàn tó gbọ́, kí Potogí tó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń ka ìtàn ẹ̀ tí wọ́n á kàn fo Kaduna bíi pé ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ mumi lásán ni.

Ní 1982 ló dé Shooting Stars, 1984 ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, 1987 ó gba Abidjan lọ sí Africa Sports, 1990 ó di ọmọ Vitória Setúbal ní Potogí. Ẹ bá mi sọ fún àwọn bọ̀dá méjèèjì pé apá kan ọ̀rọ̀ ni kálukú wọn dì mú, kí wọ́n lọ bọ ara wọn lọ́wọ́.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù, ibi tí Yekini ti wọnú àwọ̀n lọ tó ń sunkún. Ó ní mọ́mì, kí ló dé tó ń ké báyìí, ṣebí góòlù kan ṣoṣo ni? Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, omi ló kàn ń bọ́ lójú èmi náà. Ẹ bá mi dá a lóhùn.*
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Minna

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Góòlù kan ṣoṣo ni lóòótọ́, àmọ́ òun ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbá sáwọ̀n nínú Ife Àgbáyé látọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994 ni, ní pápá Cotton Bowl ní Dallas, àwa àti Bulgaria. Ní ìṣẹ́jú 21 Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, ó gba iwájú gólì kọjá nílẹ̀nílẹ̀, Yekini ti ń sáré bọ̀, ó kàn fẹsẹ̀ tì í wọlé ni. Ẹni tá a mọ̀ sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni sọ òkò láti òkèèrè! Kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá dì mọ́ òun, ó bá góòlù ẹ̀ wọnú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì gba ojú àwọ̀n jáde sí òdìkejì, ó di okùn mú gírígírí, ó ń gbọ̀n, ó ń ké sókè.

Kí ọmọ yín fi góòlù sílẹ̀ ná, kó wo ọdún tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Yekini nígbà tí Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Abidjan ní 1984, Cameroon nà wá. 1988 ní Morocco, Cameroon tún nà wá. 1990, Algeria. Ní 1989 tá a ń wá ọ̀nà Ife Àgbáyé ti Italy, Sam Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Surulere, kò dìde mọ́, ojú wa ló kú sí, Italy náà a ò rí i lọ. Ìgbà tó di oṣù kẹrin 1994 la ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife yẹn ní Tunisia, Yekini ló gbá góòlù jù níbẹ̀, márùn-ún. Nígbà tó fi máa di Dallas ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹkún ọdún mẹ́wàá ló sun sínú àwọ̀n yẹn o.

Ní tèmi, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ góòlù yẹn kí n má sọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí fún àwa Yorùbá Kaduna. Wàhálà June 12 ti wà nílẹ̀ fún ọdún kan, ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn Abiola ti kéde ara ẹ̀ ní Ààrẹ ní Epetedo ní Èkó, ìjọba ń wá a kiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti kó ẹrù relé látọdún tó ṣáájú, ìyá mi náà ti di aṣọ wa sínú Ghana-must-go méjì, ó gbé wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàbá mi ní òun ò lọ ibì kankan. Òru ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Dallas ní aago tiwa, NEPA sì ti mú iná lọ. Máì-ṣáì tó ń ta tíì níwájú ilé wa, Hausa pọ́ńbélé, ló lọ gbé bátìrì mọ́tò wá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun sórí bẹ́ǹṣì tó ń gé búrẹ́dì lé, ọmọkùnrin kan di òpó áńténà mú lójú kan, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mira. A tó ogójì tá a wà níbẹ̀, Hausa, Yorùbá, Ìgbò, Gwari, àwa ọmọdé lórí ilẹ̀. Bí Yekini ṣe ki ọwọ́ bọ àwọ̀n báyìí, máì-ṣáì ju ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nù, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ń pariwo "Namu ne! Namu ne!", tiwa ni, tiwa ni. Bàbá mi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ dìde, ó ní, "Bayarabe ne fa!" Máì-ṣáì ní, "Yaron Kaduna ne!", ọmọ Kaduna ni. Wọ́n dì mọ́ra wọn, àwọn méjèèjì ń sunkún.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá mi tú ọ̀kan nínú àwọn báàgì yẹn, ó fẹ́ mú aṣọ kan. Ọjọ́ kejì ẹ̀, ọjọ́ 23, ni wọ́n mú Abiola, Abiola kan náà tí Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà wá o. Àmọ́ ìyá mi ò tún báàgì yẹn dì mọ́.

*Ọmọ mi, bàbá arúgbó ni mí ní Tudun Wada ní Kaduna. Oṣù karùn-ún 1994 ni ìyàwó mi bímọ ọkùnrin, Rashidi ni mo sọ ọ́ torí ife Tunisia, ọmọ náà ti bímọ tiẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní Kanu ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, mo ní Yekini ni. Ṣé irọ́ ni mò ń pa fún wọn?*
Bàbá Rashidi, Kaduna

Bàbá mi, ẹ ò parọ́ rárá. Yekini ló kọ́kọ́ gbà á, 1993. Emmanuel Amuneke tẹ̀ lé e ní 1994, ó di 1996 kó tó kan Kanu. Ẹ tún fi èyí kún un fún wọn: góòlù 21 ló gbá ní líìgì Potogí ní sáà 1993 sí 1994, kò sẹ́ni tó gbá tó o ní gbogbo líìgì yẹn. Fún Nàìjíríà, góòlù 37 ló gbá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Goalsfather. Ẹ bá mi kí Rashidi àti àwọn ọmọ ẹ̀, nínú kíláàsì àbúrò mi tí wọ́n bí lọ́dún yẹn, Rashidi mẹ́ta ló wà, ọ̀kan nínú wọn ọmọ Kirisitẹni.

*Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ kí ibojì Yekini nígbà họ́lídè. Ìbàdàn ni àbí ibo?*
Bàbá Ìbejì, Gwagwalada

Ìbàdàn ló kú sí, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2012, ọmọ ọdún 48, àmọ́ Ìrá ni wọ́n gbé e lọ sin, nílé. Ẹ ò ní ṣìnà, ọmọdé ìlú náà á fi hàn yín. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ lọ. Ó máa ń dùn mí pé jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń gbé láwọn ọdún tó kẹ́yìn, àwa tá a sunkún pẹ̀lú ẹ̀ ní 1994 ò wá a lọ tó bó ṣe yẹ. Lójú ọ̀nà, ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé lẹ́yìn gbogbo òkè òkun yẹn, ó padà wálé wá gbá fún Julius Berger, àti pé ní 2005, ó ti pé ọmọ ọdún 41, ó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún Gateway ní Abẹ́òkúta. Tí ààyè bá wà, ẹ mú wọn dé Kakuri náà lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló ṣì wà lọ́wọ́ mi, máa mú wọn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kọ̀wé, ẹ sọ fún wa níbi tẹ́ ẹ wà lóru Dallas, àti ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó.