Àárẹ̀ tí kò lọ, àti fífi ọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 44. Láti oṣù mẹ́sàn-án tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú wọn tọ̀sán-tòru. Bí mo bá sùn, àárẹ̀ náà ni mo máa ń bá jí, òòyì sì máa ń kọ́ mi bí mo bá dìde. Obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ fún àwọn ènìyàn sọ pé adrenal mi ló ti rẹ̀, pé bí òun bá tẹ ojú ibi tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi nígbà mẹ́wàá, yóò jí padà. Ṣé kí n sanwó fún un?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àgbà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Àárẹ̀ yín kì í ṣe àfẹnusọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yín.

Ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín ni wọ́n ń pè ní adrenal. Láti inú wọn ni họ́mọ̀nù (èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti rán ara níṣẹ́) tó ń mú kí àyà wa máa lù kìkì nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá ti ń jáde. Ibẹ̀ náà ni họ́mọ̀nù mìíràn tó ń jẹ́ cortisol ti ń wá, èyí tó máa ń pọ̀ lára ní òwúrọ̀, tó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí alẹ́ bá ti ń lẹ́. Òótọ́ ni pé wàhálà ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè da oorun rú, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó mọ̀ nípa họ́mọ̀nù kò gbà pé ìdààmú ọkàn lásán lè lo ẹṣẹ́ tó yè kooro títí tí yóò fi gbẹ.

Ní ti fífi ọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun kan ní Amẹ́ríkà, William Fitzgerald, ló pín ara sí ọ̀nà mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Ingham, ló wá ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tó fi adrenal sí ìsàlẹ̀ ibi tó yọ bọ̀kọ̀tọ̀ lábẹ́ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀, lókè ojú ibi tó fún kíndìnrín. Kò tíì sí ẹ̀rí pé iṣan kankan so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ adrenal. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é, ara rẹ̀ á balẹ̀, oorun sì lè dùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Fún ẹni tó ń gbé aláìsàn dìde lóròòru, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ yín lè fi òrí ṣe é fún yín nílé láìgba kọ́bọ̀: kí ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti gìgísẹ̀ lọ sí ọmọ ìka, kí ó má sì jẹ́ kí ó dùn yín. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìmọ̀ọ́lára, tàbí tí ojúgun rẹ̀ kan wú, tó gbóná, tó sì ń ro ó, kí ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú ẹsẹ̀ náà.

Òòyì yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ìgbà mìíràn wà tí adrenal máa ń kùnà lóòótọ́. Thomas Addison, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàpèjúwe àrùn náà ní ọdún 1855, ikọ́ ife sì wà lára ohun tó ń fà á. Ènìyàn á máa rù, iyọ̀ á máa wù ú jẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìlà àtẹ́lẹwọ́ àti èrìgì rẹ̀ á sì dúdú ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó tún sún mọ́ wa jù ni dexamethasone àti prednisolone, àwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, tí àwọn obìnrin ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, àti àwọn ìpara tí wọ́n fi ń bóra tí wọ́n po clobetasol, tí í ṣe irú oògùn kan náà, mọ́. Bí èyí bá pẹ́ lára, adrenal á káwọ́ gbera, nítorí pé ẹlòmíràn ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá wá dá oògùn náà dúró lójijì, ara kò ní rí cortisol lò. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà. Bí èébì àti àìlera ńlá bá sì dé lójijì, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà gan-an.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìgbà mẹ́wàá, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá kò tó, nítorí nǹkan oṣù tó bá pọ̀ jù ní irú ọjọ́ orí yín máa ń fa èyí. Kí wọ́n wo ṣúgà àti tírọ́ìdì (ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn), kí wọ́n sì wọn cortisol ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí, kí àwọn yẹn máa gba òru méjì lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀, kí ẹ lè sùn.