Èsì: Ibà ti lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ màmá ń kú tipiri ní Ìgbógbò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú màmá o. Ẹ ní ibà mú wọn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àyẹ̀wò kò rí kòkòrò ibà, ibà náà lọ, àmọ́ láti àná ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú tipiri, wọn ò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ wá ń bèèrè ọ̀nà tí ẹ máa gbà fi owó àgbo ránṣẹ́ láti London. Ẹ jọ̀ọ́, owó yẹn ni kí wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn lónìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Ìkòròdú níbí. Ẹ̀fọn ṣì lè jẹ́ ló gbé ibà yẹn wá. Dengue, Zika àti chikungunya wà nílẹ̀ wa, ẹ̀fọn tó ń jẹni lójúmọmọ, tó ń yé sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ló ń tàn wọ́n kálẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń yá. Lára àwọn díẹ̀, agbára tí ara fi bá àrùn jà á yíjú padà sí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Guillain-Barré ni àwọn dókítà ń pè é. Ó yọjú ní French Polynesia, àwọn erékùṣù kan lórí òkun Pàsífíìkì, nígbà tí Zika jà níbẹ̀ lọ́dún 2013 sí 2014. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, á máa gòkè, ó sì lè dé iṣan tí a fi ń mí. Dókítà ló máa sọ bóyá òun ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé.

Ẹ pè wọ́n báyìí. Kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ láìtún mí. Bí èémí bá tán kí wọ́n tó dé 20, tàbí omi ń pá wọn lórí, tàbí ohùn ti rẹlẹ̀, kí àbúrò yín pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. Òun ni kó pè é o: bí ẹ bá tẹ 112 níbẹ̀, ará London ló máa gbé e. Kí wọ́n má fi ọ̀kadà gbé wọn o.

Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lè kọ́kọ́ gbà wọ́n, àmọ́ kí ẹ tètè bèèrè ìwé tí wọ́n á fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, nítorí ẹ̀rọ tó ń báni mí. Kí wọ́n bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì wà kí wọ́n tó kó sínú gósúlóò Mile 12. Àpò ẹni tó máa sùn tì wọ́n ni kí owó wà.

Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ fa omi lára ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Ibẹ̀ ni ẹbí ti máa ń kọ̀, tí wọ́n á ní ó ń rọni lẹ́sẹ̀. Ẹ bá àbúrò yín sọ ọ́ ṣáájú: ìsàlẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀, níbi tí okùn iṣan àárín ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Omi yẹn ló ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá àkóràn ti wọ ọpọlọ.

Bó bá jẹ́ Guillain-Barré, oògùn kan wà tí wọ́n sábà máa ń fà síni lára fún ọjọ́ 5. Ó wọ́n gan-an, ó sì dára jù láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ rọ. Kí kẹ́mísì má gún wọn ní sítẹ́rọ́ìdì, kò wo àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń padà rìn, bó tilẹ̀ gba oṣù mélòó kan.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi wá sílé: bí ẹ ò bá tíì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí, ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á ni káàdì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, ti àtijọ́ yẹn náà tó.