Orúkọ wo la máa kọ sí ìwé ọmọ wa ní Faransé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Toulouse ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bímọ, obìnrin ni wọ́n sì rí nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò. Ọkọ mi ní orúkọ Faransé àtijọ́ ni ká sọ ọ́, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ibí ń jẹ́: Marguerite, Jeanne tàbí Adèle. Ó ní orúkọ Yorùbá lè dí i lọ́wọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ lọ́la. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èsì: Àbúrò mi, Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ má bá ọkọ yín jà nítorí orúkọ Faransé. Geneviève ni mo sọ ọmọ tèmi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí n kò kọ tẹ̀ lé e ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2009, la bí i. Agbẹ̀bí sọ fún wa pé ọjọ́ Geneviève mímọ́ ni, ẹni tí ìlú Paris fi ṣe alábòójútó, orúkọ náà sì wọ̀ wá lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà yẹn, ọjọ́ mẹ́ta péré ni òfin fún òbí láti lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ti ní kí n dúró, pé ọjọ́ kẹjọ lòun máa gbé orúkọ kalẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé iwájú òṣìṣẹ́ náà, ó bi mí bóyá orúkọ mìíràn wà, mo ní kò sí. Mo rò pé n ó padà wá fi kún un ni.

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ìyá mi sọ ọ́ ní Yétúndé lórí fóònù, torí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ kú. A tọ́ oyin wò, a ṣe àmín. N kò padà sí mairie. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, a sì tún ń wá ilé. Geneviève la ń pè é nílé, Geneviève ni wọ́n ń pè é nílé ìwé.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mú un lọ sí Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pè é: “Yétúndé! Yétúndé o!” Ọmọ náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kò tiẹ̀ yíjú. Ìyá mi pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi oríkì kún un, Àbẹ̀kẹ́. Mo sáré lọ fà á lọ́wọ́, ó wá bi mí lédè Faransé pé ta ni ìyá àgbà ń wá. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ìyá rẹ̀ ló ń pè, àbúrò mi. Láti ọjọ́ náà títí a fi padà, “ọmọ yìí” ló ń pè é. Ó kú ní 2020, nígbà tí kòrónà ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Orí fóònù la ti rí ìsìnkú rẹ̀. N kò bi í rí bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́.

Àwọn kan á ní mo gbé ogún ọmọ sọnù. N kò gbé e sọnù. Ọmọ mi ń jẹ àmàlà, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà fi orúkọ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó bímọ, kí ayẹyẹ ọjọ́ kẹjọ ṣì wà ní ààyè rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Èyíkéyìí nínú wọn ni ọmọ lè máa jẹ́, kì í ṣe dandan kó jẹ́ àkọ́kọ́. Láti ọdún 1993 ni òfin ti fi yíyan orúkọ sílẹ̀ fún òbí. Àmọ́ wọn kì í gba àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ bá kọ Ṣadé láìsí àmì, bí orúkọ Marquis de Sade, òǹkọ̀wé Faransé àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwé ìṣekúṣe àti ìwà ìkà, ni wọ́n á ṣe kà á, èyí kò sì dára fún ọmọbìnrin. Àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń fi ìlànà Faransé kọ orúkọ, ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́: Chadé, Yétoundé. Nínú mẹ́ta ti ọkọ yín, Adèle ni mo fọwọ́ sí. Ó jọ Adélé tí wọ́n ń jẹ́ ní Èkó, ẹnu ìyá àgbà kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ní tèmi, mairie lè fi orúkọ kún ìwé báyìí láìlọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù wálé lọ́dún tó kọjá. Ó kà á, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í fi pe òun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Yétúndé láràárọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń dáhùn.