Iṣẹ́ alẹ́ yẹn ńkọ́?

O ní kí n sọ fún ẹ bóyá kí o tún Organic Chemistry tí o gba D ṣe, àbí kí o kàn ṣàlàyé ẹ̀ nínú personal statement, àròkọ nípa ara ẹ tí o máa fi wá àyè sílé ìwé ìṣègùn. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ẹ tí o sáré gbà kọjá: "Àǹtí, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ mi, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì mẹ́rin."

Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣebí iṣẹ́ alẹ́ yìí náà lo ní ó jẹ́ kí o féèlì lọ́dún méjì àkọ́kọ́? Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ o, pé o máa ń sùn sórí tábìlì nínú láàbù, pé láti ibi iṣẹ́ lo ti lọ jókòó ṣe ìdánwò physics, tìwọ ti yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Kí ló wá yàtọ̀ báyìí? O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá. Ìwọ nìkan sì kọ́, irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, kálukú ń wá bó ṣe máa ṣàlàyé máàkì àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá ohun tó fà á ti kúrò ńlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà tí o wà yẹn, títún kọ́ọ̀sì ṣe kì í pa D rẹ́. AMCAS, tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn níbẹ̀, máa ka méjèèjì pọ̀, AACOMAS, irú ẹ̀ fún àwọn ilé ìwé ìṣègùn osteopathic (DO), tó máa ń fi tuntun rọ́pò àtijọ́ tẹ́lẹ̀ náà ti jáwọ́ níbẹ̀ láti 2017. Ohun tó lè gbà ẹ́ ni pé AMCAS máa ń to máàkì lọ́dọọdún, ọdún kìíní lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, títí dórí èyí tí o bá kà lẹ́yìn dìgírì, kí ẹni tó ń wò ó lè rí i pé o ń gòkè. Tí o bá wá fi ojú oorun gba C mẹ́rin, òkè wo lo gùn? Má sì sọ pé o máa fi MCAT, ìdánwò àbáwọlé ìṣègùn, bò ó, ìgbà 7 péré ni wọ́n máa jẹ́ kí o ṣe é láyé ẹ, gbogbo èsì ẹ̀ ni wọ́n sì máa rí.

Àti pé ta ló ń ná owó iṣẹ́ alẹ́ yìí gan-an? O ní ìwọ lò ń san gbogbo owó ilé, ẹ̀gbọ́n ẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé "ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́". Láti ọdún wo? Àgbàlagbà ni, bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó mú owó tiẹ̀ wá tàbí kẹ́ ẹ kó lọ síbi tí owó ẹ̀ kéré. Wákàtí 40 yẹn gbọ́dọ̀ dínkù. Tí kò bá lè dínkù, já kọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ kí àkókò tó kọjá, torí W tí wọ́n máa ń kọ fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó já kọ́ọ̀sì sílẹ̀ náà máa ń hàn.

Organic Chemistry? Tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn ni kì í gba D fún kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá béèrè. Àmọ́ ó di sẹ̀mẹ́sítà tí o bá ti ń sùn lóru.