Kí o tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ màmá yín

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lálẹ́ àná, n kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí n tó dá ọ lóhùn. O ní ẹ ti pín aṣọ màmá yín, ó wá ku ìró díẹ̀, bùbá, àjákù aṣọ-òkè àti adìrẹ kan. O fẹ́ gé wọn wẹ́wẹ́, kí o rán wọn pọ̀ ní aṣọ ìbora fún ẹ̀yin ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ní kò dáa kí a máa gé aṣọ òkú. O ní ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ ná.

Aránṣọ ni mí l'Ábẹ́òkúta, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó ti máṣíìnì. Nígbà tí ìyá mi kú ní 2014, mo ní ṣebí iṣẹ́ mi nìyí, kí ni mo tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni sí? Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ méjì ni mo fi gé àwọn aṣọ rẹ̀. Àwọ̀ ni mo ń wò, èyí tó bá bá ara wọn mu ni mo ń tò pọ̀. Ó sì dùn ún wò lóòótọ́. Mo gbé ti àbúrò mi obìnrin lọ fún un, ó dúpẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá ń fọwọ́ wá nǹkan kiri lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ankara ẹlẹ́yẹ tí màámi fi ń pọn àkọ́bí mi dà?" Ara ti bàbá wa ni mo rán an mọ́, torí pé àwọ̀ rẹ̀ bá ibẹ̀ mu. Bàbá ò tilẹ̀ dá aṣọ náà mọ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí bí ọwọ́ àbúrò mi ṣe ń rìn lórí aṣọ yẹn, àyà mi a já.

Nítorí náà, pe ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ. Kó aṣọ náà sílẹ̀, kí olúkúlùkù mú èyí tó rántí, kó sì sọ ọjọ́ tó rántí màmá nínú rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Wá báàgì mẹ́rin, kí o kó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ní ti ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, má bá a jiyàn. Sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ sọ aṣọ màmá di àkísà. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé aṣọ lè so alààyè pọ̀ mọ́ ẹni tó ti lọ: wo ẹ̀kú egúngún, abala lórí abala, tí ìdílé ń rán aṣọ tuntun mọ́ ti àtijọ́ lọ́dọọdún. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í gbé eégún, ṣùgbọ́n mo mọyì ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Houston tún fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, láti abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, ní Alabama. Obìnrin kan níbẹ̀, Missouri Pettway, kó aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko nígbà ayé rẹ̀, ó rán an di aṣọ ìbora ní 1942, kó lè máa rántí rẹ̀, kó sì máa rí i fi bora. Gbogbo ibi tí oòrùn ti pa àti ibi tó ti gbó lára aṣọ náà ló hàn. Mo sunkún nígbà tí mo rí i.

Bí wọ́n bá ti gbà, fọ gbogbo aṣọ náà kí o tó gé ohunkóhun. Fọ adìrẹ sọ́tọ̀. Èmi ò fọ tèmi. Aró rẹ̀ ya sára bùbá funfun màámi nígbà àkọ́kọ́ tí bàbá fọ tirẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ní kí n bù sómi ṣáájú kò sì dá a dúró. Máa fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, rẹ áńkáṣífù funfun sómi, tẹ́ ẹ lé e, kí o fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí áńkáṣífù bá ṣì ń gba aró, padà lọ fọ̀ ọ́.

Aṣọ-òkè ló fìyà jẹ mí jù. Ó wúwo ju ankara lọ, ó sì ń tú létí. Èmi la tèmi ní gbọọrọ, mo rán an mọ́ ankara tó ti gbó, kò pé oṣù mẹ́ta tó fi fa ankara náà ya. Má là á ní gbọọrọ láé. Tú u sí ọ̀já-ọ̀já bí ahunṣọ ṣe hun ún, kí o wá gé ọ̀já kọ̀ọ̀kan ní ìbú. Etí rẹ̀ méjèèjì yóò ṣì wà bí ahunṣọ ṣe dì í, ojú méjì péré ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn lọ́wọ́. Fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay tó fẹ́lẹ́, aṣọ onígúọ̀mù tó ń mú aṣọ dúró, sẹ́yìn rẹ̀, kí o sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ yí aṣọ ìbora ká, kó má wà láàárín àwọn ankara. Léèsì oníhò ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò.

Fún ankara, gé páálí onííńṣì méje lóròó, méje ní ìbú, kí o máa fi wọn ègé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ààbọ̀ íńṣì ránpọ̀ níbi gbogbo, mẹ́fà ni yóò kù. Ìbora tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní márùn-ún, yóò gba ègé 120. Ìró oníyáàdì méjì tuntun lè mú bí 60 jáde, ṣùgbọ́n ìró màmá yín ti gbó níbi ìjókòó. Gbé e sójú oòrùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń là á kọjá, má gé ègé kankan níbẹ̀. Ìró kan tó ti gbó ni kí o tẹ́ sáàárín, kó o fi aṣọ òwú tó fúyẹ́ bo ẹ̀yìn. Ooru ibí ò gba fóòmù tàbí kúbùsù.

Mo tú aṣọ ìbora méjèèjì. Oṣù méjì ni mo fi ń fi bíléèdì tú òwú lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oníbàárà. Mo dá ankara ẹlẹ́yẹ padà fún àbúrò mi, mo fi í sí igun ibi tó ń gbé orí lé, kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa kàn án. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ gbà á lọ sílé ẹ̀kọ́, a fi ìlà méjì kún un yíká láti ara aṣọ ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwọ náà pa ègé díẹ̀ mọ́.

Kí ẹ sì fi aṣọ kan sílẹ̀ láìgé, ẹ̀gbọ́n yín ni yóò yàn án. Sányán ni bàbá wa yàn. Ó ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ bí màámi ṣe ṣẹ́ ẹ.