Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ òru ni kí o bá ọkọ rẹ sọ

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan ní àríwá Minnesota, ibi tí kò jìnnà sí ààlà Kánádà. Houston la wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí a lò níbí, ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ rárá. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kàn jókòó sínú òkùnkùn ni. Lẹ́yìn náà ni bàbá òyìnbó kan tó múlé tì wá mú un lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun snowmobile, ìyẹn alùpùpù orí yìnyín. Òótọ́ ni pé ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n a ò ní Sátidé mọ́. Ó ń gé igbó, ó ń kan pátákó, ó ń tún afárá ṣe, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún un. Wọ́n tún ti ní kó wá máa wa katakata tó ń tẹ́ ọ̀nà lóru. Iṣẹ́ òru lèmi náà ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo tibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ tí mo bá àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 9, lọ́dọ̀ ìyàwó aládùúgbò, tí bàbá wọn ò sì tíì jáde nínú igbó. N kò mọ̀ pé ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Houston ní ọkọ mi ti di ẹrú òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún fẹ́ ra snowmobile kékeré fún àwọn ọmọ. Ẹ gbà mí. Èmi ni Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àìsùn. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lóru, tó tún ń tọ́jú ìbejì lọ́sàn-án, a ò lè kí i tán. Ọ̀rọ̀ Sátidé àti ọ̀rọ̀ owó lo fi ṣíwájú ẹjọ́ rẹ. Èyí tó dùn mí jù ni gbólóhùn kékeré tí o fi sáàárín tí o sì yára kọjá rẹ̀: pé o kò mọ̀ pé ó lọ. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò lọ́nà, nítorí bí ọ̀rọ̀ "ẹrú" bá ti wọ inú ilé, kì í jẹ́ kí tọkọtaya gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ.

Ọ̀nà snowmobile tó wà ní Minnesota gùn ju máìlì 22,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi ti ọkọ rẹ. Owó tí àwọn tó ní ẹ̀rọ yìí ń san láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ nínú owó orí bẹntiróòlù, ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń kó jọ, tó sì ń fi ran àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí epo rà, kí wọ́n sì lè tún katakata ṣe. Ọwọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ náà ni owó yẹn kò tó láti rà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti wọlé.

Púpọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí ló gba inú oko àti igbó onílẹ̀ kọjá. Àwọn ará ẹgbẹ́ ló ń lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti tọrọ àyè. Bí onílẹ̀ kan ṣoṣo bá yarí, bóyá torí pé ẹnì kan yà kúrò lójú ọ̀nà tó sì lọ ba ọgbà rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà gé sí méjì nìyẹn. Ìdí tí ọkọ rẹ fi ń kan pátákó káàkiri nìyí. Pátákó yẹn ló ń sọ fún ẹni tó ń sáré bọ̀ pé ibí ni kó gbà, pé afárá wà níwájú, pé kó dúró kó tó sọdá títì. Àsìkò tí ewé ń rẹ̀ dànù yìí ni wọ́n sì ń gé igbó tó ti bo ọ̀nà látìgbà ooru, nítorí pé bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, àyè ṣí sílẹ̀ nìyẹn títí di ìparí oṣù Kẹta, bí yìnyín bá ti lè pọ̀ tó. Bí ọkọ rẹ ò bá ní Sátidé lásìkò yìí, kì í ṣe òun nìkan ni kò ní.

Ọ̀wẹ̀ ni mo rí nínú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀nà oko nílé wa náà ni, tí ẹni tó ní oko ńlá àti ẹni tí kò ní ju ebè ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lọ á jọ mú àdá bọ́ síta láàárọ̀. Bàbá tó múlé tì yín kò gbowó. Alága wọn kò gbowó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o da ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ nù láìwò ó. Wò ó báyìí: bó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ nìkan ni wọ́n ń pè síbi tó nira, tí àwọn yòókù á dúró máa mu kọfí, tí wọn kì í sì í pè é síbi tí wọ́n ti ń dìbò àti ibi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ná owó, ẹ̀gbọ́n rẹ ríran nìyẹn, kí ọkọ rẹ kúrò níbẹ̀ lọ́la. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ni igi ń ha lọ́wọ́, tí ohùn rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú tiwọn nínú ìpàdé, kò sí ẹrú níbẹ̀ o.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń gbé Houston kò lè mọ̀. Nǹkan yìí kì í ṣe eré lásán lágbègbè yín. Roseau, tó wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ni ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Polaris ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ẹ̀rọ iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe, kí David Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó to ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi máa la yìnyín já dé àgọ́ ọdẹ wọn. Thief River Falls, tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, ni Arctic Cat, ilé iṣẹ́ snowmobile mìíràn, ti jáde. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ẹ̀rọ yìí ni bàbá rẹ̀ ń tò jẹun. Bí wọ́n bá wá ní kí àjèjì wá bá wọn tọ́jú ọ̀nà rẹ̀, ìdí ààrò ni wọ́n mú un dé.

O kọ ọ́ pé ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, o sì fi "ṣùgbọ́n" gbé e jù sẹ́yìn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ọmọ ènìyàn níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọkùnrin tí kò lẹ́bí nítòsí, tí kò ní ọ̀rẹ́ tó ń gbọ́ èdè rẹ̀, tó ń jókòó láìtan iná: mo ti rí irú wọn ní ìlú òtútù, kì í ṣe gbogbo wọn ló padà bọ̀ sípò. Ohun tó fa ọkọ rẹ jáde nínú òkùnkùn yẹn, má fi ìbínú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ófátáìmù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún un.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ òru.

Ìdí tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà lóru nìyí. Katakata ńlá ni, ó ń wọ́ irin pẹrẹsẹ lẹ́yìn, ó ń fá àwọn gegele yìnyín, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le. Òtútù òru ló ń jẹ́ kí ohun tó tẹ̀ dì dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń sáré lójú ọ̀nà kì í sì í pọ̀ nígbà yẹn. Katakata náà kì í sáré. Ọ̀nà tí mọ́tò á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn, ó lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ lè mọ́ bá a nínú igbó. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ ohun tó máa ń sá wọ ọkàn obìnrin bó bá délé láàárọ̀ tí kò bá ọkọ. Bó bá ti wá sí ọ lọ́kàn, gbé e kúrò.

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ jẹ̀bi. Kò sí ẹgbẹ́ kan láyé tó yẹ kí ọkùnrin torí rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ fún aládùúgbò lóru láìsọ fún ìyá wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ibà ńkọ́? Bí aládùúgbò bá ṣubú, ta ni wọ́n máa wá, nígbà tí ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, tí bàbá wọn sì wà níbi tí fóònù kò ti ń gbé? Ó yẹ kó bẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí o fún un ní ìwé yìí kà, kó lè rí i pé àgbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí èyí, má gba àdínkù kankan: ọjọ́ tí o bá ní iṣẹ́ òru, kò gbọdọ̀ gun katakata. Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń to orúkọ àwọn tó ń wà á. Bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ bá ti jáde, kí ọkọ rẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún onítọ̀hún. Àwọn yẹn náà ní ìyàwó àti ọmọ, ó máa yé wọn. Bí kò bá sì yé wọn, kó fi katakata sílẹ̀, kó máa bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀sán.

Kó tó gun un rárá lọ́dún yìí, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó dáhùn lójú rẹ. Ṣé ọ̀nà náà gba orí adágún omi kọjá? Ìmọ̀ràn tí ìjọba Minnesota ń fúnni ni pé omi tó dì kò gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 5 sí 7 kí snowmobile kan ṣoṣo tó gun orí rẹ̀, mọ́tò kékeré ní tiẹ̀ nílò ínǹṣì 9 sí 10. Katakata wúwo ju mọ́tò kékeré lọ fíìfíì. Ìjọba yẹn kan náà ló sì sọ pé kò sí omi dídì kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Bó bá jẹ́ pé adágún wà lójú ọ̀nà, ta ló ń wọn ín, ọjọ́ wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn? Bi í pẹ̀lú pé, bí katakata bá kú sínú igbó, báwo ló ṣe máa ránṣẹ́. Bi í pé, bí igi bá wó lù ú tàbí ẹ̀rọ ìgégi bá yọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ta ló máa san owó ilé ìwòsàn. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì fi ìwé ìbánigbófò han án. Kò sì gbọdọ̀ dá nìkan lo ẹ̀rọ ìgégi. Ọ̀rọ̀ ọtí náà ńkọ́? Ilé ọtí pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wọ̀nyí, òfin tó sì de ẹni tó mutí wa mọ́tò ní Minnesota de ẹni tó mutí gun snowmobile. Ẹni tó bá ti mu, kí ọkọ rẹ má bá a jáde.

Sátidé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in. Kó sọ fún ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àwọn Sátidé tí iṣẹ́ máa wà, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ilé: ọjọ́ tí ẹ máa wakọ̀ lọ sí Brooklyn Park lẹ́bàá Minneapolis lọ ra ẹ̀lùbọ́ àti epo pupa, ọjọ́ tí ìwọ máa sùn kí o sùn yó. Má ṣe bá a sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí o bá ń múra iṣẹ́, má sì sọ ọ́ níṣojú àwọn ìbejì. Dúró dìgbà tí ẹ bá jẹun ọ̀sán Sunday tán. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. Sọ fún un pé, "Bàbá Ìbejì, inú mi dùn pé ara yín ti yá, mi ò fẹ́ kí ẹ kúrò láàárín wọn. Àárọ̀ tí mo délé tí mi ò bá yín ló bà mí lẹ́rù." Kí o wá dákẹ́ kó fèsì. Má tíì dárúkọ owó níbẹ̀.

Lọ sí ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀kan. O ò ní láti di ọmọ ẹgbẹ́. Jókòó, wo bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀, wo ẹni tó ń ṣe kí ni. Ojú ara rẹ ló máa sọ fún ọ bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé tàbí kò wọlé. Bí wọ́n bá ní kí o wá dáná fún ọjọ́ ìkówójọ wọn, tí ó sì ti rẹ̀ ọ́, sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ọ́. Èyí tó bá wù ọ́ láti fi ṣe wọ́n lóore ni kí o ṣe. Nọ́ọ̀sì tó lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìka tí òtútù ti pa máa wúlò fún wọn ju abọ́ ìrẹsì lọ.

Ní ti snowmobile kékeré, sọ fún bàbá wọn pé kò sí i lọ́dún yìí. Ọmọ ọdún 9 lè jókòó sẹ́yìn bàbá rẹ̀, lọ́sàn-án, lórí ilẹ̀, níbi tí bàbá ti mọ ọ̀nà, láìsáré. Kí akoto wà lórí wọn, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé 18. Bí wọ́n bá pé 12, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò kí wọ́n tó lè wà á ní àyè ìjọba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi ti ọkọ rẹ ló sì sábà máa ń kọ́ wọn. Bí wọ́n bá bí ọkọ rẹ náà lẹ́yìn ọdún 1976, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí yẹn. Ní kó fi tiẹ̀ hàn ọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tàwọn ọmọ.