Ẹ Bi Wá: Ẹyẹ idì lára àwo ìyá àgbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin olóòtú wa. Ìyá àgbà wa ní Ajárá, Àgbádárìgì níbí, fi àwo tánganran kan sílẹ̀ fún wa, ẹyẹ idì ló wà láàárín ẹ̀ tó fi èékánná di ọfà mú bíi ti ara owó dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ayé George Washington ni wọ́n ti ṣe é, ká má bu ráìsì sí i mọ́, òun máa tà á. Mo wá yí ìdí ẹ̀ wò, "Made in China" ni mo bá níbẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò máa tàn mí báyìí?

ÌDÁHÙN: Kò tàn yín tán o. Àwo Ṣáínà tó ní idì Amẹ́ríkà lára wà láyé Washington lóòótọ́, òun gan-an ra 302 lọ́dún 1786, wọ́n ya àmì Society of the Cincinnati, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá sójà tó jagun òmìnira, sí i lára. Jingdezhen, ìlú kan ní Ṣáínà, ni wọ́n ti ń mọ àwo wọ̀nyí tí wọ́n ń sun ún ní funfun, wọ́n á wá kó o wá sí Canton, ìlú èbúté tí wọ́n ń pè ní Guangzhou báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ohun tí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ sí i kí wọ́n tó tún un sun. Samuel Shaw, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ òkun Empress of China dé Canton lọ́dún 1784 ṣàròyé pé òun ò rí ayàwòrán tó lè fi orí ara ẹ̀ to àwòrán tóun fẹ́ pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé èyí tó ti wà nílẹ̀ síwájú wọn, wọ́n á yà á bó ṣe rí. Ẹ sáà wo bá a ṣe ń fi fọ́tò Alhaja ránṣẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára kọ́ọ̀bù sùfíníà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò mọ Alhaja rí! Lójú tèmi ìdí nìyẹn tí àwọn idì míì fi jọ ẹyẹlé tínú ń bí.

Ti yín ńkọ́? 1891 ni òfin Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ìlú tọ́jà ti wá sára ẹ̀ lédè òyìnbó, Washington sì ti kú láti 1799, "Made in China" yẹn ti tú àṣírí. Ẹ tún wo àwọ̀ ẹ̀ dáadáa, tó bá ti ń bó, ẹ má jẹun nínú ẹ̀ o, òjé máa ń wà nínú irú kíkùn bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì tíì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.